Ta Ló Gbé Ọkọ̀ Ed Hamilton Lọ Sí Òdìkejì?

Bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé lẹ́tà láyé àtijọ́ bá délẹ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, orí ẹṣin ni wọ́n máa ń gbé e gùn. Pony Express ṣáá ni. Wọn yóò ròyìn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara wọn fúyẹ́, tí wọ́n ń fi ẹṣin sáré láti St. Joseph ní ìpínlẹ̀ Missouri títí dé Sacramento ní California, nǹkan bí 1,900 máìlì, tí ìwé yóò sì dé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tí wọn kì í tètè sọ ni pé iṣẹ́ náà kò pẹ́ rárá. Oṣù kẹrin ọdún 1860 ló bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 1861, wáyà tẹligíráàmù ti kan ìlà-oòrùn mọ́ ìwọ̀-oòrùn, ẹlẹ́ṣin kò sì rí ohun tí yóò máa sáré lé mọ́. Ọdún kan àbọ̀ péré, ẹ wá wo ariwo tó wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Èmi ò bá ẹlẹ́ṣin jà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó gbé àpò ìjọba kọjá nínú aginjù Amẹ́ríkà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi kò gun ẹṣin. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, kò sì wọ bàtà sí i. James Edward Hamilton lorúkọ rẹ̀. Ed ni wọ́n ń pè é. Ìpínlẹ̀ Kentucky ló ti wá, ó dé Hypoluxo, létí adágún Lake Worth ní gúúsù Florida, lọ́dún 1885. Ọdún 1887 ló kú, àpò lẹ́tà ló sì ń gbé lọ nígbà tó kú. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Àdúgbò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni pẹ̀lú, torí iṣẹ́ ká máa já páálí ẹrù sílẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé ni mò ń ṣe jẹun. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìtàn náà fi ń dùn mí níbi tí kì í ti í dun àwọn ẹlòmíì.

Ẹni tó bá mọ Miami òde òní gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé rẹ̀ ná. Lọ́dún 1887, kò sí ilé gogoro níbẹ̀. Ká sòótọ́, kò sí ìlú níbẹ̀. Ọdún 1896 ni reluwé Henry Flagler dé Miami, ọdún náà sì ni wọ́n tó sọ ọ́ di ìlú lábẹ́ òfin. Dade County, agbègbè ìjọba tí Miami wà nínú rẹ̀, tóbi nígbà yẹn ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì, ó na apá rẹ̀ lọ sókè kọjá gbogbo ibi tí a ń pè ní Broward àti Palm Beach lónìí, síbẹ̀ ènìyàn 257 péré ni ìkànìyàn ọdún 1880 rí nínú rẹ̀. Ti ọdún 1890 rí 861. Òpópónà kan ṣoṣo ní Mushin yóò fi èyí ṣẹ̀rín. Irà Everglades wà lẹ́yìn, òkun Àtìláńtíìkì wà níwájú, ẹ̀fọn ló ni àárín méjèèjì. Ọ̀nà kò sí. Bí o bá fẹ́ lọ láti ibì kan sí ibì kejì, wá ọkọ̀ ojú omi, tàbí kí o gba etí òkun.

Ẹ wá gbọ́ bí lẹ́tà ṣe ń rìn kí wọ́n tó ronú kan ẹlẹ́sẹ̀. Láti Palm Beach sí Miami kò tó 70 máìlì. Ṣùgbọ́n bí aládùúgbò Lake Worth kan bá kọ̀wé sí ẹnìkan ní Miami, ìwé náà yóò kọ́kọ́ gòkè lọ sí Jupiter, láti ibẹ̀ yóò gba orí odò Indian River lọ sí Titusville, yóò bá reluwé dé New York, yóò wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Havana ní Kúbà, yóò tún padà sí Key West, ibẹ̀ ni ọkọ̀ onígbòkun yóò ti wá gbé e dé Miami. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Wọ́n ní ìrìn náà tó 3,000 máìlì. Bí ìyá rẹ bá kọ̀wé pé ara òun kò yá, nígbà tí ìwé náà yóò fi dé ọwọ́ rẹ, ó ti lè yá tàbí kí wọ́n ti sin ín.

Mo mọ nǹkan díẹ̀ nípa dídúró de lẹ́tà. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé kọ, kò mọ̀ ọ́n kà, àbúrò bàbá mi sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí àpòòwé aláwọ̀ búlúù yẹn bá dé, èmi ni wọn yóò pè kí n wá kà á. Ìyá àgbà kì í jókòó gbọ́ ọ. Ìdúró ni, ọwọ́ á wà lẹ́yìn, ojú á wà lẹ́nu mi, bí mo bá sì ti kà á tán, yóò ní kí n padà sí ibi tó ti kí òun. A ò béèrè lọ́jọ́ kan rí pé ta ló gbé ìwé náà dé. Ó kàn dé ni, bí òjò.

Lọ́dún 1885 ni ìjọba fi iṣẹ́ àgbàṣe sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè máa gbé àpò lẹ́tà gba etí òkun láti Palm Beach dé Miami, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ nǹkan bí 600 dọ́là lọ́dún. Ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ni E. R. Bradley, bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn rí ní Chicago. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbà á rìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Guy, ni yóò wá di olùṣọ́ àwọn ẹyẹ igbó Everglades nígbà tó bá dàgbà, àwọn tó ń pa ẹyẹ kó ìyẹ́ wọn tà fún àwọn aránfìlà obìnrin ni yóò sì yìnbọn pa á ní oṣù keje ọdún 1905. Ìtàn tirẹ̀ náà yẹ kí ènìyàn jókòó kọ lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ níbẹ̀ ni pé irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn: iṣẹ́ ìjọba lè pa ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀.

Ìrìn náà rí báyìí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, agbélẹ́tà yóò kúrò ní Palm Beach, yóò wa ọkọ̀ gba orí Lake Worth dé ìpẹ̀kun rẹ̀ níhà gúúsù. Ibẹ̀ ni yóò ti gun iyanrìn, yóò rìn dé Orange Grove, lẹ́bàá ibi tí Delray Beach wà lónìí, yóò sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, yóò rìn dé ẹnu odò Hillsboro, yóò fi ọkọ̀ kékeré sọdá, yóò tún rìn títí dé Fort Lauderdale, yóò sùn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnu odò New River ló kàn, ọkọ̀ mìíràn wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìrìn tún bẹ̀rẹ̀, títí yóò fi dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀ gba orí ọ̀sà Biscayne lọ sí Miami. Ọjọ́bọ̀, ó ń padà bọ̀. Sátidé, ó ti délé. Àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 136 máìlì; nǹkan bí 80 nínú rẹ̀ jẹ́ ti ẹsẹ̀, ìyókù jẹ́ ti omi. Ọjọ́ Àìkú ni yóò sinmi. Ọjọ́ Ajé, ó tún di lílọ.

Ilé tó ń sùn sí kì í ṣe hòtẹ́ẹ̀lì. Ìjọba kọ́ wọn sétí òkun ní nǹkan bí ọdún 1876, fún àwọn tí ọkọ̀ wọn bá fọ́ sínú òkun tí omi sì gbé wọn jù sórí iyanrìn, kí wọ́n má bàa ti ọwọ́ omi bọ́ kí ebi àti òùngbẹ wá pa wọ́n lórí ilẹ̀. Alámòójútó kan àti ìyàwó àtọmọ rẹ̀ ní ń gbé inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ fífọ́ pọ̀ létí òkun yẹn. Àwọn igi àgbọn tí wọ́n fi ń polówó Palm Beach fún àwọn olówó gan-an, ọkọ̀ kan tó fọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1878, tó kó 20,000 àgbọn sínú, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ yẹn, ọ̀kan péré ló ṣì dúró lónìí, èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ní Gilbert's Bar.

Àwọn arìnrìn-àjò mìíràn a máa san dọ́là márùn-ún fún agbélẹ́tà kí wọ́n lè bá a rìn. Kì í ṣe pé yóò gbé wọn o. Wọ́n ń sanwó láti fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lẹ́yìn ẹni tó mọ̀nà tó sì ní ọkọ̀ nípamọ́ lẹ́nu odò. Mo rò pé owó ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ń san.

Ní ti àìwọ bàtà, ọgbọ́n ni, kì í ṣe ìṣẹ́. Iyanrìn òkè tó gbẹ ń gbé ẹsẹ̀ mì, ènìyàn kò lè rìn jìnnà lórí rẹ̀. Ibi tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò ni iyanrìn ti le, ibẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ ń tọ̀. Ṣùgbọ́n bàtà tí omi òkun bá ń rẹ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ jẹrà, nítorí náà wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á so ó kọ́ èjìká, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè. Mo dán an wò létí òkun Pompano láàárọ̀ ọjọ́ kan tí n kò níṣẹ́. Nǹkan tí ìwé kò sọ fún mi ni pé etí òkun kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dagun. Ẹsẹ̀ kan wà lókè, ẹsẹ̀ kejì wà nísàlẹ̀, kò sì pẹ́ tí egungun ìbàdí ọ̀tún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá wọ̀nyí ń fi ìbàdí yẹn rin 40 máìlì lálọ, ó kéré tán nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, ẹsẹ̀ kejì ni yóò wà lókè.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1887, tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, Hamilton, tí iṣẹ́ náà ti bọ́ sí lọ́wọ́, gbé àpò rẹ̀. Ìtàn tí àwọn ará Hypoluxo fi sílẹ̀ ni pé ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ní kó sinmi. Ó ní òun yóò lọ. Èyí ni ibi tí àwọn tí mo bá ń sọ ìtàn yìí máa ń mi orí: kí ló lé e? Àwa Yorùbá ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹni tó rán Hamilton ni ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tí kì í ṣeré pẹ̀lú agbàṣe tó bá pa ọ̀sẹ̀ jẹ. Wọ́n ń gé owó wọn ni. Mo mọ ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa tó já ẹrù sílẹ̀ nínú ibà tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, nítorí fóònù tí ilé-iṣẹ́ kó lé wa lọ́wọ́ ń ka ìṣẹ́jú, bí ìṣẹ́jú bá sì pọ̀ jù, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọn kò ní fún ọ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó pọ̀. Nítorí náà, n kì í bá wọn mi orí.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ó dé ẹnu odò Hillsboro. Láti ibẹ̀, ohun tí a mọ̀ kò kọjá ohun tí àwọn tó wá a bá lórí ilẹ̀.

Nígbà tí Sátidé kọjá tí kò dé, àwọn ará àdúgbò jáde lọ wá a. Charlie Pierce, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Hypoluxo, wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, òun náà ló sì kọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ayé ìgbà yẹn sílẹ̀. Ní ìhà àríwá ẹnu odò, níbi tí Hamilton ti ń dé bó bá ti Palm Beach bọ̀, wọ́n bá àpò lẹ́tà lórí ẹ̀ka igi, ó so ó kọ́. Aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ tó máa ń fi pamọ́ síhà ibẹ̀ kò sí níbẹ̀. Òdìkejì, ní ìhà gúúsù, ni ọkọ̀ náà wà. Wọn kò rí òkú rẹ̀ títí dòní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ nídìí igi yẹn, torí àwọn ènìyàn tètè ń kúrò níbẹ̀ lọ sínú omi. Ẹ wo ọkùnrin náà: ó ti rìn láti òwúrọ̀, ara rẹ̀ kò yá, ó dé ibi tó fi ọkọ̀ pamọ́ sí, kò bá a. Ó wo òdìkejì, ó rí i. Omi náà kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kígbe lápá ibí, wọ́n á gbọ́ ọ lápá ọ̀hún, bí ẹnìkan bá wà lọ́hùn-ún. Kò sí ẹnìkan. Ó lè padà sẹ́yìn lọ sí Orange Grove, kí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà bàjẹ́. Ó tún lè lúwẹ̀ẹ́ lọ mú ọkọ̀ náà wá. Bí ó bá jẹ́ pé orí rẹ̀ ti dàrú ni, ìbá ti kó gbogbo ẹrù rẹ̀ bọ́ sómi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ aṣọ, ó gbé àpò lẹ́tà kọ́ sókè níbi tí omi kò ti ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ẹranko ilẹ̀ kò sì ní wú u, ó wá fi ara lásán wọ omi. Èrò ọkàn rẹ̀ hàn gbangba nínú ètò yẹn: lúwẹ̀ẹ́ dé ọ̀hún, wa ọkọ̀ padà síbí, wọ aṣọ, gbé àpò, tún wa ọkọ̀ lọ, kí ìrìn máa lọ. Ó ṣírò ohun tó lè bàjẹ́ bí omi bá kàn án, ó sì yọ ọ́ sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò sí nínú ohun tó ṣírò pé ó lè bàjẹ́.

Èmi náà ń ṣe é. Bí òjò bá ń rọ̀, páálí oníbàárà ni mò ń fi kóòtù bò.

Ohun tó pa á, ìjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní òjò pọ̀ lásìkò náà, tí omi irà Everglades kún tó ń ya sínú òkun, tó sì ń gbé ọ̀nì wá pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nì ló gbé e. Àwọn kan ní ẹja shark ni. Àwọn kan ní omi tó ń ya yẹn ló wọ́ ọ lọ sójú òkun, kò nílò eyín ẹnikẹ́ni. Èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń mú àlejò káàkiri ni ti ọ̀nì, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ọ̀nì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́, àwọn ọmọ náà ń kígbe, inú wọn ń dùn.

Ó sú mi, àwọn ọ̀nì wọ̀nyí. Ọ̀nì ń ṣe ohun tí ọ̀nì ń ṣe, omi náà ń ya bí omi ṣe ń ya. Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe àdáyébá nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ọkọ̀ kò lè fúnra rẹ̀ sọdá. Ẹnìkan ló wọ̀ ọ́.

Ẹni náà dé ẹnu odò bíi tirẹ̀, ó fẹ́ sọdá, ó rí ọkọ̀ tí wọ́n fi pamọ́, ó wọ̀ ọ́, ó gúnlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. N kò rò pé ó ní ìkà lọ́kàn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń kọrin lọ. Láti dá ọkọ̀ náà padà, yóò wà á padà, yóò wá lúwẹ̀ẹ́ sọdá fúnra rẹ̀, ta ló fẹ́ ṣe ìyẹn? Nítorí náà, ìlúwẹ̀ẹ́ tí òun kò fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní ibi tí ènìyàn kò ti pọ̀ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wọn sì mọ̀ pé agbélẹ́tà ń kọjá lọ́jọ́ báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ṣòro láti sọ pé kò mọ ẹni tó ni ọkọ̀.

Àwọn ará Lake Worth náà rí i bẹ́ẹ̀. Ojú wọn kò sí lára ọ̀nì, ẹni tó gbé ọkọ̀ ni wọ́n wá. Wọ́n mú ọkùnrin kan, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe ti ìpànìyàn, torí òfin kò ní ọ̀nà tí yóò fi so ọkọ̀ wíwọ̀ pọ̀ mọ́ ikú ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ omi. Ẹ̀sùn fífọwọ́ kan ohun ìní ìjọba ni. Ẹ̀rí kò tó, adájọ́ dá a sílẹ̀, ó lọ sílé. N kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá dá láre, kí n jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sinmi. Ẹni yòówù kó gbé ọkọ̀ náà, òun tàbí ẹlòmíì, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́.

Èmi àti ìyàwó mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní mo ti le koko jù fún ẹni tí n kò mọ̀. Ó ní bí àárẹ̀ bá mú ènìyàn nínú aginjù, tó rí ọkọ̀, yóò wọ̀ ọ́, kò sì ní rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà yóò ṣe é. Mo ní kí ló dé tí kò dúró de agbélẹ́tà ní òdìkejì, kó bá a wa ọkọ̀ padà? Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń já páálí sílẹ̀, ẹ rò pé gbogbo ayé ló mọ wákàtí tí ẹ ń kọjá." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn tí mò ń gbé ẹrù fún kò mọ̀ mí. Wọ́n mọ nọ́ńbà páálí. Ìyá àgbà mi kò mọ ẹni tó ń gbé àpòòwé búlúù wá. Bóyá lóòótọ́, lójú ẹni tó wọ ọkọ̀ yẹn, kò sí agbélẹ́tà kankan, ọkọ̀ lásán ló rí. Síbẹ̀ n kò tíì yí ohùn mi padà. Ẹni tó fi ọkọ̀ pamọ́ sábẹ́ igbó, ó fi í pamọ́ nítorí pé yóò padà wá wọ̀ ọ́ ni.

Òkúta ìrántí kan wà fún Hamilton ní Hillsboro báyìí, nínú ọgbà ilé iná tó ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ òkun. Ogún ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, lọ́dún 1907, ni wọ́n tó tan iná yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Òkúta náà sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú, ó ní ẹnu iṣẹ́ ló kú sí. Ó dára. N kò rò pé wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sára òkúta. Ère agbélẹ́tà aláìwọbàtà náà wà níbẹ̀, àpò léjìká. Àti ní ilé-ìfìwéránṣẹ́ West Palm Beach, ayàwòrán Stevan Dohanos ya ìrìn àjò náà sára ògiri, àwòrán mẹ́fà.

Lẹ́tà kò dúró. Ẹlòmíì gbé àpò, ìrìn náà sì ń lọ títí di nǹkan bí ọdún 1892, nígbà tí wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin láti Lantana, létí Lake Worth, dé Lemon City, lẹ́bàá Miami, tí ẹṣin wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ ní ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ṣe é tó nǹkan bí ọdún méje. Ìyẹn ju Pony Express lọ ní ìlọ́po mẹ́rin.

Lónìí, afárá wà lórí ẹnu odò Hillsboro, lójú ọ̀nà A1A. Ó máa ń ṣí sókè kí ọkọ̀ ìgbafẹ́ àwọn olówó lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ọkọ̀ wa á sì tò sẹ́yìn. Fóònù ilé-iṣẹ́ kò mọ afárá, ó ń ka ìṣẹ́jú mi lọ ní tirẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá wa lórí rẹ̀, pé kí wọ́n yọ ìṣẹ́jú afárá kúrò nínú ti wa. Wọ́n ní àwọn yóò wò ó.